Búrẹ́dì Pẹ́lẹ́ńgẹ́

"Níbo ló ti ń rí i jẹ?"

Dókítà ló bi wá bẹ́ẹ̀. Ó gbé ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àbúrò mi sórí tábìlì, ó yí i kọjú sí wa kí a lè rí nọ́ńbà tó fi bírò pupa yí po. Bàbá mi wo nọ́ńbà náà. Màmá mi wo Bàbá. Èmi wo àbúrò mi, òun sì ń wo fèrèsé.

Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó wá ń tún ọ̀rọ̀ sọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń bá àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi sọ̀rọ̀. Ó ní ó pé oṣù mẹ́fà báyìí tí òun ti kìlọ̀ fún wa pé ọmọ yìí kò gbọdọ̀ fẹnu kan ohunkóhun tó ní àlìkámà nínú. Ó ní nǹkan kan wà nínú àlìkámà tí wọ́n ń pè ní gúlúténì, òun ló ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun tí a pò máa fà bíi rọ́bà. Bí ènìyàn ọgọ́rùn-ún bá jẹ ẹ́, bóyá la fi lè rí ẹyọ kan tí irú èyí yóò ṣe. Àbúrò mi ni ẹyọ kan náà. Tí àlìkámà bá ti wọ inú rẹ̀, ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò gbógun ti ìfun rẹ̀, tí yóò máa họ ọ́ bí ẹni ń họ ìdí ìkòkò, títí tí oúnjẹ yòókù kò fi ní ríbi gbà wọ ara mọ́.

"Ẹ̀jẹ̀ kì í purọ́," ló wí. "Ọmọ yìí ṣì ń jẹ ẹ́."

"Mi ò jẹ ẹ́," ni àbúrò mi sọ fún fèrèsé.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ la máa ń pè é. Àwàdà ni nígbà kan. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún báyìí, yunifọ́ọ̀mù tí wọ́n rán fún un nígbà tó wà ní méjìlá ló ṣì ń wọ̀, ó sì tún fẹ̀ jù ú lọ. Tó bá ya orí, irun tó máa ń kù sínú kọ́ǹbù a tó dì ní ọwọ́ kan. Lọ́jọ́ mìíràn inú rẹ̀ a wú bíi bọ́ọ̀lù, a sì wà ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ títí wọn ó fi parí iṣẹ́ ní kíláàsì.

Ọmọ oníbúrẹ́dì sì ni wá. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni Bàbá ti ń yan búrẹ́dì. Bẹ́kìrì wa wà nísàlẹ̀, ilé wa wà lókè rẹ̀, òórùn búrẹ́dì ló ń jí wa láàárọ̀. Lọ́jọ́ tí dókítà kọ́kọ́ dárúkọ àlìkámà, ṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n sọ fún Bàbá pé ìyá tó bí i lọ́mọ ló ń jalè ládùúgbò. Ṣùgbọ́n ó gbà. Kò tilẹ̀ gbà lásán. Ó ní ọmọ òun kò ní jẹ́ ọmọ oníbúrẹ́dì kó wá máa wo búrẹ́dì lójú. Ó ra ìyẹ̀fun ìrẹsì àti ti àgbàdo, ó ba bíi ogún búrẹ́dì jẹ́ kó tó rí ọgbọ́n dá tí kò fi ní le bíi bíríkì. Láti ìgbà náà, gbogbo ọ̀sán Sátidé, tí iṣẹ́ bá ti parí, ó máa ń dúró yan búrẹ́dì Pẹ́lẹ́ńgẹ́, èyí tí yóò máa jẹ títí ọ̀sẹ̀ á fi parí.

Èmi ni mo ṣètò ìyókù. Ìṣirò ni mo kà ní yunifásítì, bí mo bá sì rí àdììtú, ara mi kì í balẹ̀ àfi tí mo bá tú u. Mo ka ẹ̀yìn gbogbo ọ̀rá àti agolo tó wà nílé. Mo kó bisikíìtì, sùpàgẹ́tì àti èròjà ọbẹ̀ inú ọ̀rá fún àwọn ará ìsàlẹ̀ òpópónà. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní ìkòkò tirẹ̀, ṣíbí tirẹ̀, abọ́ tirẹ̀, mo lẹ bébà mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nítorí náà, ìbéèrè dókítà yẹn, èmi gan-an ló bá.

Nígbà tí a dé ilé, Màmá ni kò jẹ́ kí a sinmi.

"Pẹ́lẹ́ńgẹ́, sọ òótọ́ fún mi. Mi ò ní nà ọ́."

"Màmá, mi ò jẹ ẹ́."

"Búrẹ́dì kún ìsàlẹ̀ bí iyanrìn. O ní o ò fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá da eérú leérú ń tọ̀ o."

Màmá tú báàgì ilé ìwé rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì níwájú gbogbo wa. Ìwé jáde, rúlà jáde, ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ kan jáde. Ó gbọn báàgì náà títí, ó ń wá ẹ̀rúnrún. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ dúró, ó káwọ́ gbera, kò sunkún. Ì bá sunkún, ì bá tẹ́ mi lọ́rùn.

Bàbá sọ tirẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Èmi ti ṣe tèmi. Ti Sátidé yìí ló kẹ́yìn. Mi ò lè máa dá búrẹ́dì yan lọ́tọ̀ fún ẹni tó ń jí búrẹ́dì gidi jẹ. Tó bá ti di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kó máa jẹ ohun tí gbogbo wa ń jẹ."

"Bàbá, dókítà ní ìfun rẹ̀ máa bàjẹ́."

"Ìfun tó ń jẹ ẹ́ láti oṣù mẹ́fà, tó ṣì ń rìn lọ sílé ìwé?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ni Àǹtí Kékeré wọlé bá. Àbúrò Màmá ni, aránṣọ ni, òun náà sì ti fi àlìkámà sílẹ̀ láti oṣù mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ohunkóhun kò ṣe é. Ọkùnrin kan tó máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tó pe ara rẹ̀ ní Ọ̀jọ̀gbọ́n Ikùn, ló sọ fún un pé májèlé ni.

"Ṣé mi ò sọ fún yín?" Ó jókòó láì bọ́ báàgì lọ́rùn. "Kò sẹ́ni tó yẹ kó máa jẹ nǹkan yẹn. Ẹ wò mí. Látìgbà tí mo ti fi í sílẹ̀, orúnkún mi ò dún mọ́."

"Orúnkún ẹ ò dún rí," ni Màmá wí.

"Ó ń dún. Ṣé ẹ̀yin lẹ ni orúnkún ni?"

"Ọ̀jọ̀gbọ́n ẹ yìí," ni Bàbá bi í, "kí ló ń tà?"

Àǹtí Kékeré tún báàgì rẹ̀ ṣe. "Ìyẹ̀fun kan báyìí ni. Wọ́n máa ń pò ó mọ́ omi mu."

"Ẹ gbọ́ o. Ó ní kẹ́ ẹ má jẹ ìyẹ̀fun, òun náà wá ń ta ìyẹ̀fun."

Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Àǹtí Kékeré kò kà á sí, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló kọjú sí.

"Ìwọ má dá wọn lóhùn. Èmi àti ẹ la jọ wà nínú ẹ̀. Kò rọrùn, èmi gan-an máa ń yọ́ ọ jẹ. Ọjọ́ tí oníbàárà mi ṣe ọjọ́ ìbí, kéèkì tí mo jẹ lọ́jọ́ náà, ojú tì mí. Ọjọ́ kejì ni mo tún bẹ̀rẹ̀."

"Àǹtí, nígbà tí ẹ jẹ kéèkì yẹn, kí ló ṣe yín?"

"Kí ni ì bá ṣe mí?"

"Ẹ ṣeun," ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí, ó sì wọ yàrá lọ.

Inú bí mi débi pé mo jáde síta, mo sì rìn yí àdúgbò po lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí kò ní àìsàn ń fi àìsàn ọmọ ọlọ́mọ ṣe oge. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n jẹ́ kí olùkọ́ kan bi Pẹ́lẹ́ńgẹ́ níwájú kíláàsì pé ìgbà wo lòun náà di ọmọ olówó tí kì í jẹ búrẹ́dì. Tí gbogbo ènìyàn bá ń pariwo pé iná ń jó wọn, tí wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín, ta ni yóò gbé omi sáré fún ẹni tó ń jó lóòótọ́? Bàbá náà kò sì sàn jù. Ó mọ̀ pé àlìkámà kì í ṣe májèlé fún gbogbo ayé, òótọ́ ló sì mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti fi òótọ́ ńlá yẹn bo òótọ́ kékeré tó wà nínú ilé rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ìyẹn kì í ṣe ohun tí mo lè fi yangàn. Mo ní kí n fi ẹ̀rí gbèjà rẹ̀, ṣùgbọ́n ká sòótọ́, èmi náà ti ń fura sí i. Mo so òwú tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn bẹ́kìrì kí n lè mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá ṣí i. Mo tẹ̀ lé e lọ sílé ìwé, mo fara pa mọ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù oníbàtà tó dojú kọ géètì, mo ń wò ó bó ṣe ń jẹun nísinmi ọ̀sán. Lọ́jọ́ kẹta ó dúró ní ìkóríta, ó yíjú padà.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n dúró dè yín?"

Mo jáde láti ẹ̀yìn ọkọ̀ kan bí olè.

"Láti ọjọ́ wo lẹ ti ń tẹ̀ lé mi?"

"Túsìdé."

"Kí lẹ rí?"

"Ìwọ. O ń jẹ búrẹ́dì tí Bàbá yan fún ẹ."

"Ẹ wá lọ sọ fún wọn."

Mo lọ sọ fún wọn. Bàbá kò gbójú sókè nínú ohun tó ń ṣe. "Ó ti rí ẹ ni. Ọlọ́gbọ́n ọmọ ni." Bí ọmọ bá jẹ ẹ́, olè ni; bí kò bá jẹ ẹ́, olè tó gbọ́n ni. Kò sí ìṣirò tí mo kọ́ tó lè jàre irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ní Sátidé, mo lọ bá Bàbá ní bẹ́kìrì láàárọ̀. Mo ní mo fẹ́ rí búrẹ́dì Pẹ́lẹ́ńgẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí ẹni tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, nítorí Bàbá kì í fẹ́ kí ẹni tí kò níṣẹ́ dúró síwájú ààrò.

"Tó o bá fẹ́ dúró, ṣiṣẹ́ ẹ," ló wí, ó fi àgbọ̀n júwe abọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó tó fi ń yí búrẹ́dì.

Láti ọmọ ọdún méje ni abọ́ yẹn ti jẹ́ iṣẹ́ mi. Mo bu ìyẹ̀fun kún un nínú àpò, mo gbá ilẹ̀, mo to àwọn agolo. Nígbà tí búrẹ́dì àwọn oníbàárà jáde tán, Bàbá da omi gbígbóná sórí pátákó, ó fi irin ha á, ó fọ̀ ọ́ nígbà mẹ́ta, ó fi aṣọ tuntun nù ún. Ó fọ ọwọ́ dé ìgúnpá. Ó gbé agolo Pẹ́lẹ́ńgẹ́ jáde nínú àpótí tó ń tì, àti ajọ̀ rẹ̀, àti ọ̀pá ìpòyẹ̀fun rẹ̀. Mi ò rí oníṣẹ́ abẹ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo fa bébà yọ. "Ẹ ka ohun tó ń wọ inú rẹ̀ fún mi."

"Ìyẹ̀fun ìrẹsì. Ti àgbàdo. Ẹyin, epo, ṣúgà, iyọ̀, yíìsì, omi. Mẹ́jọ. Kò sí òmíràn."

Mo wò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ka ẹ̀yìn ọ̀rá yíìsì lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbóòórùn epo.

"Ṣé èmi náà ti di olè ni?" ni Bàbá bi mí.

Àtẹ̀gùn dún, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ó dorí àpótí onígi kan kodò, ó jókòó lé e.

"Kí lo wá ṣe níbí?" ni Bàbá bi í.

"Mo wá wo búrẹ́dì mi tó kẹ́yìn."

Ọwọ́ Bàbá dúró díẹ̀ nínú abọ́ ìpòyẹ̀fun. "Ìwọ lo fọwọ́ ara ẹ fà á."

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Ó máa ń dùn."

Bàbá bo ohun tó pò, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jọ dúró kí ó wú. Mo tún ka bébà mi. Mẹ́jọ ni, mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sì mọ́. Bó bá jẹ́ pé ìṣirò ni, ǹ bá ti sọ pé kò ní ìdáhùn.

Nígbà tó yá, Bàbá gbé abọ́ náà sókè, ó fẹ́ dà á. Ìyẹ̀fun ìrẹsì tí a pò kì í fà, ṣe ló máa ń lẹ̀ mọ́ nǹkan bí ẹrẹ̀. Láì wòye, bó ti ń ṣe é nígbà ẹgbẹ̀rún lóòjọ́, ó na ọwọ́ òsì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó fọ́n ọn sórí pátákó. Ó funfun, ó rí bí èéfín díẹ̀, ó sì balẹ̀. Ó da búrẹ́dì Pẹ́lẹ́ńgẹ́ lé e, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí i nínú rẹ̀.

"Bàbá, kí lẹ fọ́n yẹn?"

"Síbo?"

"Sórí pátákó."

Ó wò mí bí ìgbà tí mo bi í pé afẹ́fẹ́ wo ló ń mí. "Kì í ṣe nǹkan kan. Èyí tí kì í jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ pátákó ni. Ìyẹn kì í ṣe ara búrẹ́dì."

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti dìde lórí àpótí. Bàbá la ẹnu láti tún un sọ, kò tún un sọ. Ó wo ọwọ́ òsì rẹ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jọ wo ẹ̀gbẹ́ pátákó, níbi tí abọ́ náà wà láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́njú, abọ́ funfun tí etí rẹ̀ ti ṣẹ́, tí ìyẹ̀fun àlìkámà tí mo fọwọ́ ara mi bù láàárọ̀ ṣì kún dé ìdajì.