Gádà Zulfah

Zulfah ti pé ọmọ ọdún márùn-ún, kò tíì so ọ̀rọ̀ mẹ́ta pọ̀ rí. Tí wọ́n bá pè é ní kíláàsì, á kàn fi hijáàbù bojú. Àwọn tó kù á máa pariwo wáànù, túù, tírì, òun á máa wo ilẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà títí Àǹtí Mubarakah, tíṣà wọn, fi lọ tọrọ àjákù pákó lọ́dọ̀ Bàbá Ìyàndá, káfíńtà kan ní Sekona. Ó fi sáńpépà ha gbogbo ẹ̀ fúnra ẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ bó yánnayànna. Ó kó o sínú agbọ̀n, ó gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn kíláàsì. Làwọn ọmọ bá ń fi kọ́lé, wọ́n ń fi kọ́ mọ́ṣáláṣí. Ní ti Zulfah, gádà ló máa ń kọ́, irú èyí tó wà lórí odò Ọ̀ṣun. Á na pákó méjì ró, á gbé ọ̀kan dábùú lé wọn lórí, gbàgà! ó wó. Á tún bẹ̀rẹ̀.

Inú Alhaja Hasanat tó ni súkúù ò dùn sí i rárá.

"Mubarakah, àwọn òbí ń bú mi. Wọ́n ní àwọn ò rán ọmọ àwọn wá kọ́ṣẹ́ káfíńtà."

"Ẹ má bínú mà. Ọpọlọ wọn ló ń ṣiṣẹ́ yẹn."

"Ó dáa. Jímọ̀ làwọn òbí ń bọ̀. Fi ẹyọ ọmọ kan hàn mí tí igi yìí kọ́ ní nǹkan. Tí mi ò bá rí i, ó parí nìyẹn, kí wọ́n padà sídìí ìwé kíkọ."

Ní Àlàmísì, gádà yẹn tún wó. Zulfah wò ó, ó wò ó. Òpó méjèèjì ti jìnnà síra jù, pákó orí ẹ̀ ò tó. Mubarakah fọwọ́ bo ẹnu ara ẹ̀ kó má bàa sọ ọ́ fún un. Ọmọ yìí bá rọra fa òpó kan wá, ó gbé pákó lé e. Kò wó. Ó yíjú sí tíṣà ẹ̀.

"Mo sún un mọ́ra."

Hẹ̀n! Mubarakah ò mọ ìgbà tó gbé e sókè.

Bí wọ́n ṣe jáde, ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà Àwáwù ló gbà lọ, ìyá ìyá Zulfah tó ń tọ́ ọmọ náà. Bí màmá yìí ṣe gbọ́, ó bú sẹ́kún.

"Alhamdulillah! Lọ́la ni màá wá ṣe sàráà fún gbogbo ọmọ súkúù yín. Ẹ̀wà ni màá sè, níbẹ̀ gan-an!"

Òjò rọ̀ mọ́jú. Láàárọ̀ Jímọ̀, Mubarakah kọ́kọ́ sáré lọ Sekona, ó lọ gba pákó méjì sí i, kí gádà yẹn lè gùn dáadáa lójú àwọn òbí. Kẹ̀kẹ́ tó gbé e bọ̀ bá kú sójú ọ̀nà. Ìgbà tó fi máa dé, òórùn ẹ̀wà ti gba gbogbo súkúù. Ó wọ kíláàsì. Agbọ̀n ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n nǹkan kan ò sí nínú ẹ̀ mọ́.

Ó sáré lọ sẹ́yìnkùlé. Ìyá Àgbà ń ro ẹ̀wà, Zulfah lóṣòó tì wọ́n, ó ń wò wọ́n.

"Tíṣà wa, ẹ káàbọ̀! Igi tí mo gbé wá ti tutù, ó ń ṣèéfín ṣáá. Ọlọ́run ló ní kí n rí àjákù pákó tẹ́ ẹ tọ́jú. Ẹ mà mọ ilé í tọ́jú o! Ó gbẹ, ó jó geere!"

Kí ni Mubarakah fẹ́ sọ? Sàráà ni. Torí ọmọ yìí náà ni wọ́n ṣe ń sè é. Ta ni ò sì mọ̀ pé igi ìdáná ni àjákù pákó? Nílé tiwọn gan-an, òun níyàá ẹ̀ fi ń dáná.

"Ẹ ṣé, mà," ló sọ.

Àwọn òbí ti dé. Alhaja kó wọn wá sẹ́yìnkùlé.

"Ọmọ wo lo fẹ́ fi hàn wá?"

Mubarakah kúnlẹ̀, ó kó pákó méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà bọ̀ fún Zulfah.

"Zulfah mi, ṣe é bíi tàná."

Zulfah gba pákó. Ó wo tíṣà ẹ̀, ó wo ìyá àgbà ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ki ìkíní sábẹ́ ìkòkò, ó ki ìkejì tẹ̀lé e.

Ìyá Àgbà pàtẹ́wọ́. "Ẹ wò ó! Ọmọ mi ti mọ iná dá!"

"Ẹ̀kọ́ yẹn mà wọlé o," bàbá kan sọ, ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín.

Alhaja nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ kan Mubarakah léjìká. "Jẹun. Tó o bá jẹun tán, ṣọ́ọ̀kì wà lórí tábìlì mi."

Kí wọ́n tó jáde lọ́jọ́ yẹn, wáànù dé họ́ńdírẹ́ẹ̀dì ti wà lójú bọ́ọ̀dù. Àwọn ọmọ ń pariwo ẹ̀. Zulfah fi hijáàbù bojú, epo ẹ̀wà ti ta sí i.

"Zulfah," Mubarakah pè é.

Kò dáhùn. Mubarakah tún pè é.