Òkun Tó Fi Òkè Sílẹ̀

Dókítà Òkúta ni àwọn ará àdúgbò ń pè é, orúkọ náà sì ti kó o sí wàhálà rí. Obìnrin kan wọlé wá bá a láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó di ẹ̀gbẹ́ mú, ó ní òkúta wà nínú kíndìnrín òun. Dókítà dá a lóhùn pé, "Ẹ má bínú, ìyá. Òkúta tèmi kì í gbé inú ènìyàn." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Òkúta tó kàwé gba oyè dókítà lé lórí ni èyí tí ẹrẹ̀ àti iyanrìn dì pọ̀ dà láti ayébáyé, ipele lórí ipele. Nínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n to àpótí òkúta léra títí dé àjà, eruku funfun sì bo ohun gbogbo, títí kan ife tíì rẹ̀. Á fi awò kékeré tó ń mú nǹkan tóbi sójú, á tẹ̀ mọ́ òkúta. Tó bá pẹ́ díẹ̀, kò ní gbọ́ mọ́ bí wọ́n bá pè é. Iyanrìn kíkúnná á sọ fún un pé omi ibẹ̀ rọra ń lọ ni. Òkúta róbótó á sọ pé odò tó le ló yí òun kiri. Ìkarahun tó ti di òkúta á sọ bóyá omi náà níyọ̀ tàbí kò níyọ̀. Bó ṣe ń gbọ́ tẹnu wọn, bẹ́ẹ̀ ni omi àtijọ́ náà á máa kún nínú yàrá, títí á fi dà bíi pé ẹja ń gba ojú fèrèsé kọjá.

Bàbá rẹ̀ ti ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ìgbà tí òjò ti dá. Atukọ̀ ni bàbá náà. Ó fi ọkọ̀ kó èrò sọdá ẹnu òkun títí irun orí rẹ̀ fi funfun. Nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, ó ṣi ẹsẹ̀ gbé ní èbúté, ó já sómi. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń bá a gbé ló fà á jáde. Lọ́jọ́ náà gan-an ló pe Dókítà, àbúrò rẹ̀ obìnrin: "Wá mú bàbá yìí kúrò níbí kí omi tó mú un." Bí bàbá ṣe dé ìlú orí òkè nìyẹn, níbi tí omi tó pọ̀ jù kò ju ti inú kànga lọ.

Kò ráhùn. Tí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á tọ́ ọ wò, á ní òun ti yó. Á wá jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, á kọjú sí ògiri, á máa mi díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀.

"Bàbá, kí ló dé?"

"Ilẹ̀ ibí yìí kì í mì, ọmọ mi. Ó ń rẹ̀ mí."

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni àwọn tó ń la ọ̀nà tuntun gé ẹ̀gbẹ́ òkè náà. Dókítà mú òòlù rẹ̀, ó lọ síbẹ̀. Òkúta pẹlẹbẹ kan là lábẹ́ òòlù, inú rẹ̀ sì rún wéréwéré bí ojú omi tí atẹ́gùn ń fẹ́. Àwọn ìkarahun onílẹ̀kùn méjì wà lára rẹ̀, wọ́n ṣì pa dé bí ìgbà tí ẹ̀dá inú wọn wà láàyè. Ó fi ìborùn rẹ̀ wé e, ó gbé e wálé, ó sì gbé e lé bàbá rẹ̀ lórí itan.

Ìka bàbá rọra rìn lórí rẹ̀. Ó dúró. Ó tún rìn.

"Ta ló gbẹ́ ẹ?"

"Omi ni, Bàbá."

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Òtítọ́ ni. Òkun wà níbí rí. Ìgbì rẹ̀ ló fa ojú iyanrìn báyìí. Ẹrẹ̀ wá dé lójijì, ó bo àwọn ẹ̀dá yìí kí wọ́n tó ríbi sá."

"Níbí níbo?"

"Níbi tí ẹ jókòó sí yìí."

Bàbá gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀, bí ẹni tí omi ń wọ inú bàtà rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá ní kí ó mú òun lọ síbi tó ti rí i. Dókítà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kan ara òkè tí wọ́n gé.

"Iyanrìn etíkun nìyí. Ẹ gbé ọwọ́ sókè díẹ̀. Ẹrẹ̀ ọ̀sà nìyẹn, ibi tí omi ti dákẹ́. Ẹ tún gbé e sókè. Ibí yìí, omi ti gbẹ, oòrùn pa ilẹ̀ títí ó fi sán."

"Ó sán bíi gìgísẹ̀ ìyá rẹ," ni bàbá wí. Ẹ̀rín tó rín nígbà náà ni àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti dé.

Atẹ́gùn fẹ́. Ariwo mọ́tò láti ìsàlẹ̀ ń dún bí ìgbì. Lójú Dókítà, ó dà bíi pé omi aláwọ̀ ewé kan ti bo gbogbo ibẹ̀, pé òun àti bàbá òun dúró nínú rẹ̀ dé àyà, tí kò sì tutù rárá.

"Ibo ló wá lọ?" ni bàbá béèrè.

"Ilẹ̀ ń gòkè díẹ̀díẹ̀, òkun ń fà sẹ́yìn, títí ó fi dé ibi tí ẹ ti wá."

Nígbà tí wọ́n délé, bàbá jẹun, ó ní kí wọ́n bu sí i. Inú Dókítà dùn. Ó rò pé ara bàbá ti ń mọlé. Àmọ́ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó bá bàbá lẹ́nu ọ̀nà, ó ti wẹ̀, ó ti wọ bàtà, báàgì rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀.

"Ibo lẹ ń lọ?"

"Ibi tó lọ."

"Bàbá!"

"Ṣebí ìwọ lo sọ ọ́. Òkun fúnra rẹ̀ gbé ibí títí, ibí ò bá a lára mu, ó kó ẹrù rẹ̀. Èmi ta ni tí màá fi dúró?"

Inú bí Dókítà, ó wọ ilé ìdáná lọ, ó sunkún. Lẹ́yìn náà ló pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ta ló ní kó o lọ máa fi òkúta bá a sọ̀rọ̀?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi pariwo. "Tó bá tún já sómi ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó ń gbẹ níbí."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. "Mú un bọ̀. Màá kan igi tí á máa dì mú sí etí èbúté."

Wọn ò tíì rí omi tí bàbá ti mọ̀ pé àwọn dé. Ó yọ orí síta lójú fèrèsé mọ́tò, ó lanu bí ọmọdé tó ń tọ́ òjò wò. Ní èbúté, àwọn atukọ̀ pariwo pé, "Ọ̀gá ti dé o!" Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin gbá a ní ìbàdí mú bí ẹni fẹ́ so ó mọ́lẹ̀, ó gbé e jókòó sínú ọkọ̀ kan tí wọ́n so mọ́ igi. Ọkọ̀ mì. Èjìká bàbá wálẹ̀. Kò pẹ́, oorun gbé e lọ.

Dókítà bọ́ bàtà, ó sọ̀ kalẹ̀ sí etíkun. Omi ti fà sẹ́yìn. Iyanrìn ibẹ̀ rún wéréwéré. Ipa ẹsẹ̀ akàn gba ibẹ̀ kọjá. Ìkarahun wà níbẹ̀, òmíràn ṣí, òmíràn pa dé. Gbogbo ohun tó ti ń kà lára òkúta láti ọjọ́ yìí ló tẹ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó rọ̀, ó sì lọ́ wọ́ọ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan kàn án, ìka náà sì wọlé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ké láti òkè pé oúnjẹ ti délẹ̀. Ó ní òun ń bọ̀. Àmọ́ omi ti ń padà bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kò sì tíì wù ú láti yẹsẹ̀ fún un.