Ẹ̀pà Ẹnu Pàkúté

Ohun mẹ́rin ló bàjẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà. Ní agogo mẹ́sàn-án, ilé ìwòsàn fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí Bàbá Oníbàtà pé àyè ti ṣí fún iṣẹ́ abẹ ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó wọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ fọwọ́ sí i kí agogo méjìlá tó lù. Dátà fóònù rẹ̀ ti tán. Ó ra káàdì, ojú rẹ̀ kò rí nọ́ńbà wẹ́wẹ́ orí rẹ̀ kà, ìgbà tó sì tẹ̀ ẹ́ ṣì lẹ́ẹ̀mẹta, fóònù kọ̀ fún un. Ṣọ́ọ̀bù Ìyá Fótókọ́pì, níbi tí gbogbo àdúgbò ti ń sanwó wọ íńtánẹ́ẹ̀tì, wà ní títì, nítorí ìyá náà lọ dirun. Nígbà tí bàbá fi máa táràrà dé ṣọ́ọ̀bù mìíràn ní òdìkejì títì ńlá, agogo méjìlá ti kọjá pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún, wọ́n sì ti gbé àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ó tún di oṣù méje.

Ohun karùn-ún wà tí ó ṣáájú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣùgbọ́n Ìyá Fótókọ́pì nìkan ló ń kà á mọ́ wọn. Òun ló gbé e dé ẹnu ọ̀nà Bàbá Oníbàtà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tí irun tuntun ṣì ń fa ìpàkọ́ rẹ̀.

Bàbá jókòó sórí àpótí, ó di bàtà kan mú láàárín orúnkún méjèèjì, ó ń gbìyànjú láti ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Òwú gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún kọjá, ó gba ẹ̀gbẹ́ òsì.

“Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá.”

“Ìyá Fótókọ́pì! Wọlé, jókòó. Ojú mi ń wá ojú abẹ́rẹ́ láti àárọ̀, àwọn méjèèjì ò rí ara wọn.” Ó rẹ́rìn-ín. “Wọ́n ní o dirun. Ó dára gan-an, ìyẹn apá ibi tí mo rí.”

Ìyá náà gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ki òwú bọ̀ ọ́, ó sì dá a padà. Ẹ̀rín kò wá.

“Kí ni dókítà wí, Bàbá?”

“Ó ní kí n máa kán oògùn sí i. Ó ní ìwọ̀nba tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn oṣù méje náà ni àwọn máa rí dá dúró. Èyí tó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn.”

Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni ọmọbìnrin bàbá yìí, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì, dìde ní ìpàdé àdúgbò pẹ̀lú bébà lọ́wọ́. Ìjọba ìbílẹ̀ ṣe tán láti gbé ẹ̀rọ wáì-fáì sórí òrùlé gbọ̀ngàn àdúgbò, kí gbogbo ará àdúgbò, onílé àti ayálégbé, máa lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí wọ́n béèrè kò ju àyè àti iná lọ. Ọ̀rọ̀ náà ti ń wọ àwọn ènìyàn létí nígbà tí Ìyá Fótókọ́pì dìde, tó tún ìborùn rẹ̀ so, tó ní: “Ọ̀fẹ́ ni ẹ̀pà ẹnu pàkúté. Ẹ lọ bi eku tó jẹ ẹ́.”

Gbọ̀ngàn hó. Ẹ̀rín ló dìbò lọ́jọ́ náà. Ọmọbìnrin náà ká bébà rẹ̀, ó jókòó, wọ́n sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ gọ́tà.

“Bàbá, èmi ni mo fà á.”

“Ìwọ kọ́. Ta ló rẹ́rìn-ín jù lọ́jọ́ yẹn? Mo lu orúnkún mi títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.”

“Mo rí yín, bàbá mi.” Ọmọ rẹ̀ ló sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà yàrá. Ó kúnlẹ̀ kí Ìyá Fótókọ́pì tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ìkíni náà sì tutù ju omi kànga lọ. “Nígbà tí gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ni mo ń wò.”

Bàbá gún abẹ́rẹ́ wọ awọ, ó fà á jáde.

“Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ọ́,” ó wí. “Mi ò bi ọ́ lọ́jọ́ náà. Pàkúté wo ni?”

Ìyá Fótókọ́pì dìde, ó kọrí sí ẹnu ọ̀nà. Kò sí pàkúté kankan. Àga mẹ́rin àti kọ̀ǹpútà méjì ló wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àti obìnrin kan tí ẹ̀rù ń bà pé wọ́n á ṣófo.

Ilé Alága àdúgbò ló gbà lọ tààrà. Alága, ọ̀gá báǹkì tó ti fẹ̀yìn tì, nà sórí àga ní pálọ̀. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń wo àwòrán tí ń rìn lórí fóònù ńlá, iná aláwọ̀ ewé sì ń ṣẹ́jú lára ẹ̀rọ wáì-fáì Alága lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ìyá náà ti rí iná yẹn rí. Òní ló wò ó.

“Ìyá Ẹlẹ́pà!” Alága ti ń rẹ́rìn-ín. “Mi ò tíì gbàgbé ọ̀rọ̀ yín ọjọ́sí.”

“Òun ni mo bá wá. Mo fẹ́ kó ọ̀rọ̀ náà kúrò nílẹ̀.”

Ó ròyìn gbogbo rẹ̀. Alága mi orí.

“Ó dùn mí fún Bàbá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti wọ ìwé ìpàdé. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.”

“Ojú ló ń fọ́ báyìí, Alága.”

Alága tún ara rẹ̀ tò lórí àga. “Kí wá lẹ fẹ́?”

“Ẹ pe ìpàdé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ fún lọ́rọ̀. Màá sọ fún wọn pé ṣọ́ọ̀bù mi ni mo ń gbèjà.”

“Ẹ ó ba ara yín lórúkọ jẹ́! Àwọn oníbàárà yín ńkọ́?”

“Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀wé á wá.” Kò dá a lójú. Ó sì mọ̀ pé ìpàdé kankan kò ní dá oṣù méje padà fún Bàbá.

“Ó dáa,” ni Alága wí, ó tún nà sẹ́yìn. “A ó máa wò ó.”

“Ẹ̀yin lè máa wò ó. Ọ̀rọ̀ ẹni tí kò ní lè wò ó ni mo bá wá.” Ó fa àga kan, ó jókòó síwájú rẹ̀, orúnkún fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún. “Fóònù yín nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, Alága. Ẹ gbé e. Ẹ fi ìkéde ìpàdé ránṣẹ́ sí gbogbo ilé nísinsìnyí, lójú mi.”