Ọjọ́ Tí Wọ́n Ní Kí Praise Lọ Sílé

Orin orílẹ̀-èdè kò tíì parí lẹ́nu àwọn ọmọ nígbà tí Praise ṣubú lulẹ̀. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀. Ràbíátù sáré dé ibẹ̀ kí àwọn tíṣà tó mira. Ó ká ìborùn èjìká rẹ̀, ó fi ṣe ìrọ̀rí fún ọmọ náà, ó sì yí i sí ẹ̀gbẹ́.

"Wárápá ni o!" obìnrin kan pariwo lẹ́nu géètì. "Ẹ má jẹ́ kí itọ́ rẹ̀ kan àwọn ọmọ yín!"

Nígbà tí Praise fi máa lajú, àwọn òbí kan ti ń fa ọmọ wọn jáde.

Ràbíátù ló dá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ náà sílẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, kí ọmọ tó dití, èyí tí kò lè rìn àti èyí tí nǹkan kan kò ṣe lè jọ kẹ́kọ̀ọ́ nínú kíláàsì kan náà. Òun náà ni obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò yàn ṣe káńsílọ̀ ní wọ́ọ̀dù wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ yìí gan-an ni àwọn àgbà ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ fẹ́ mú ẹni tí yóò du ipò alága ìjọba ìbílẹ̀. Wọn kò fa obìnrin kalẹ̀ rí.

Fóònù rẹ̀ dún. Olóyè Ajíbóyè, aṣáájú ẹgbẹ́, ni.

"Ràbíátù, gbogbo ìlú ti gbọ́. Wọ́n ní ò ń kó àìsàn ran ọmọ wọn."

"Bàbá, wárápá kì í ràn."

"Mo mọ̀. Ìwọ ṣáà jẹ́ kí ọmọ yẹn wà nílé títí ìbò á fi kọjá. Tí mo bá ti lè sọ fún wọn pé o ti lé e, tìẹ ni tíkẹ́ẹ̀tì."

"Màá rí sí i, sà."

Ó ń lọ, ó ń bọ̀ nínú ọ́fíìsì. Kí ni oṣù bíi mélòó kan lára ọmọ kékeré? Bí òun bá dé orí àlééfà, ṣé kì í ṣe gbogbo ilé ìwé ìjọba ni òun yóò ṣílẹ̀kùn rẹ̀ fún irú Praise? Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu. Ó mú fóònù rẹ̀ láti pe Olóyè padà.

Florence, ìyá Praise, wọlé. Ó ti gbé báàgì ọmọ rẹ̀ kọ́ èjìká.

"Ẹ má ṣèyọnu láti sọ ọ́, Àlàájà. A ti ń lọ sílé. Nílé ìwé tá a ti kúrò, wọ́n ní ká ṣì dúró sílé títí nǹkan á fi rọlẹ̀. Ọdún méjì la fi dúró." Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin lẹ wá ní ká máa bọ̀."

Ràbíátù gba báàgì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló mú Praise padà sí kíláàsì. Ìjókòó tó ṣófo níbẹ̀ pọ̀.

Ní ìpàdé, Olóyè Ajíbóyè bi í lójú gbogbo wọn: "Ọmọ yẹn ńkọ́?"

"Ó wà ní kíláàsì, sà. Ibẹ̀ náà ló máa wà lọ́la."

Kò sẹ́ni tó bá a jà. Wọ́n kàn fa Adéwùmí kalẹ̀, ọkùnrin tó ń bá a du tíkẹ́ẹ̀tì náà.

Lórí ọ̀kadà tó ń gbé e padà, ó ń retí kí ẹkún dé. Kò dé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e pé ká ní Florence pẹ́ díẹ̀ sí i kó tó wọlé ni, fóònù ni ì bá bá létí òun, tí òun ń sọ fún Bàbá pé òun ti lé ọmọ náà.