Zechariah Ló Yá A

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni Làmídì sọ ní kíláàsì karùn-ún, ní Atíkórí: "Zechariah ló yá a."

Irọ́ kọ́. Zechariah ló yá ìwé ìtàn tí tíṣà gbé dání náà kẹ́yìn lóòótọ́. Àmọ́ tíṣà kò bèèrè ẹni tó yá a. Ẹni tó ya á, tó fa ewé ìgbẹ̀yìn rẹ̀ yọ, ló ń wá. Làmídì sì mọ onítọ̀hún dáadáa, torí inú àpò ṣòkòtò òun gan-an ni ewé náà wà. Ó jẹ gbólóhùn náà mọ́ ẹnu, tíṣà gbọ́ "ya á," ẹgba méjìlá sì sọ̀ kalẹ̀ sẹ́yìn Zechariah.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Zechariah tún wá pè é pé kí àwọn lọ gbá bọ́ọ̀lù. Ìyẹn ni Làmídì kò lè dárí rẹ̀ jì í. Ká ní ó bínú ni, wọn ì bá jà, kó tán. Làmídì fi ilé-ìwé sílẹ̀, ó lọ kọ́ṣẹ́ káfíńtà, ó ń sọ fáyé gbọ́ pé ojú Zechariah ló lé òun. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí kò fi kí i. Bí ó bá rí i lápá ọ̀tún títì, òsì ni tirẹ̀. Ó tilẹ̀ ti ibẹ̀ já sí gọ́tà lẹ́ẹ̀kan, ó sì ka ìyẹn náà sí Zechariah lọ́rùn.

Ọ̀pọ̀ bẹ́ẹ̀dì ni Làmídì kàn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè, tí wọ́n ń dùbúlẹ̀ lé lórí ka odindi ìwé. Òun ní tirẹ̀, ewé kan tó fà yọ yẹn ló ní, iwájú àti ẹ̀yìn. Níbẹ̀, apẹja kan rí ọkọ̀ rẹ̀ tó ti wá káàkiri ọ̀sà. Ẹ̀yìnkùlé òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n so ó mọ́. Làmídì a wọ awò ojú, a kà á fún Asimawu ìyàwó rẹ̀, tó máa ń ra ẹja gbígbẹ wá láti Òde-Omi.

"Bàbá Abibat, báwo lọkọ̀ yẹn ṣe kọ́kọ́ sọnù ná?"

"Ẹni tó mọ̀ ọ́n, èmi àti ẹ̀ kì í sọ̀rọ̀."

Asimawu a rẹ́rìn-ín, a tún ní kó kà á.

Asimawu kú. Lọ́jọ́ kẹjọ, bí àwọn àfáà ṣe ṣàdúrà fídáù tán, Zechariah wọlé dé tòun ti sùtánà funfun. Ó ti fẹ̀yìn tì nílé ìkàwé yunifásítì, etí rẹ̀ sì ti di, ló bá ń pariwo bí ẹni ń pe ọlọ́kọ̀ lódìkejì omi.

"Làmídì, o kú ará fẹ́ra kù! Mo wá dúpẹ́ ni!"

"Ọpẹ́ kí ni?"

"Ẹja! Láti ogún ọdún, bí Asimawu bá ti Òde-Omi dé, á yà sílé mi: 'Bàbá Abibat ní kí n fi kí yín.' Mo máa ń sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ìtìjú ni kì í jẹ́ kó o kí mi lọ́nà. Ẹja rẹ kì í yẹ̀!"

Làmídì wo ẹnu ọ̀nà yàrá Asimawu. Ogún ọdún ni obìnrin yìí ti ń fi orúkọ rẹ̀ ṣe rere láìgbàṣẹ! Ó fẹ́ bínú sí i, kò rí i bínú sí. Ó lè dákẹ́, kó gba ọpẹ́ náà. Ó kúkú ti dákẹ́ rí.

Ó wọlé, ó fa ewé náà yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, ó fi í lé Zechariah lọ́wọ́. Zechariah kà á síwá, ó kà á sẹ́yìn.

"Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ lọkọ̀ wà?"

"Èmi ni mo ya á," Làmídì kùn sínú irùngbọ̀n.

Zechariah gbọ́wọ́ sétí. "Ìwọ lo yá a? Lọ́wọ́ ta? Ó yẹ kó o ti dá a padà!"

Abibat ọmọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Àwọn àfáà yíjú padà. Làmídì rí i pé ohùn tó fi sá fún ẹgba lọ́jọ́sí ló tún dé yìí, tó ń ṣílẹ̀kùn fún un kó tún sá. Ó la ẹnu tí gbogbo Atíkórí fi gbọ́:

"N ò yá a, Zechariah! Ìwọ lo yá a! Èmi ni mo ya á! Èmi ni mo fà á ya, tí mo jẹ́ kí wọ́n nà ọ́!"