Mi Ò Dúró De Èsì

Ojú Munirah ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan láàárín èrò Iléyá ní gáréèjì Jíbówú, ọkàn rẹ̀ sì fà sí i. Ṣùgbọ́n sáfà, kọ̀ǹpútà tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì mọ́tò, ti há.

"Bí mọ́tò bá lọ lófìfo, ìwọ náà á bá a lọ!" ọ̀gá Munirah jágbe mọ́ ọn.

Munirah ló kọ ètò tó ní kí sáfà máa dúró de èsì báǹkì lórí owó ẹnì kan kó tó dá ẹlòmíràn lóhùn. Ó ń tún un kọ, ó ń dá sọ̀rọ̀ sókè: "Rán tẹni yìí lọ sí báǹkì, kọjú sẹ́ni tó kàn. Bí èsì bá dé, pe ẹni tó ni ín."

Tíkẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gba tirẹ̀, ó ní:

"Mi ò dúró de èsì o. Tó bá dé, ẹ pè mí."

Ó fi lẹ́tà ìfẹ́ tó kọ nígbà tó tò sórí ìlà, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù rẹ̀, lé Munirah lọ́wọ́.