Okùn Tuntun Lára Ọ̀pá Àtijọ́

Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n aránṣọ gbé okùn ìpẹja tuntun wọ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ àbúrò rẹ̀, ńṣe ló ń yan bí ẹni tó ra ọkọ̀ òfurufú. Wọ́n hun okùn náà bí irun orí, ó tín-ín-rín, síbẹ̀ ó le ju ẹnu ìyá ọkọ lọ.

"Fi sára ọ̀pá Bàbá," ó ní. "Jáwọ́ nínú okùn ọ̀rá yẹ̀pẹ́rẹ́ yẹn. Eléyìí ò lè já láé!"

Ohun tó ń ba aránṣọ lẹ́rù gan-an nìyẹn. Káfíńtà ni bàbá wọn, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ọ̀pá ìpẹja náà, ìyá wọn tó ti dolóògbé ló sì fi òwú pupa so àwọn òrùka tí okùn ń gbà kọjá mọ́ ọn lára. Látìgbà tí àìsàn ti mú ọwọ́ ọ̀tún baba, ara ògiri ni ọ̀pá wà. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ padà sétí odò. Bí ọ̀pá bá lọ dá lọ́jọ́ náà, aránṣọ mọ̀ pé baba ò ní jáde mọ́.

Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í ká okùn sára kẹ̀kẹ́ ìkákùn tó wà lára ọ̀pá, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni ń ká òwú sára bọ́bìn. Nígbà tó fà á wò, gbogbo okùn yí bìrí lórí irin kẹ̀kẹ́ náà. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní fún ara rẹ̀ pé, "Télọ̀ burúkú! Ṣé aṣọ lo fẹ́ rán fún ẹja ni?" Ó tú u, ó kọ́kọ́ fi okùn ọ̀rá díẹ̀ wé irin kí tuntun lè rí nǹkan dì mú, ó wá fi àkísà tó ti rin sómi fún okùn mọ́ra bó ti ń ká a, kó le dáadáa. Níparí, ó so ọ̀rá àtijọ́ tó gùn tó apá èèyàn sáàárín okùn àti ìwọ̀.

Ojú ẹ̀gbọ́n le. "O ti ba nǹkan rere jẹ́!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, tí mo bá fi òwú tó le ju aṣọ lọ rán aṣọ, èwo ló máa ya?"

"Aṣọ ni."

"Ẹ̀hẹ́n. Bí ìwọ̀ bá há, nǹkan kan á já. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ọ̀rá, kì í ṣe ọ̀pá Bàbá."

Ẹ̀gbọ́n ò gbà síbẹ̀.

Ní Sátidé, ìwọ̀ baba kò tíì pẹ́ lómi tó fi há sára gbòǹgbò igi.

"Ẹ fà á, Bàbá!" ẹ̀gbọ́n kígbe. "Kò lè já!"

Baba fà á. Ọ̀pá tẹ̀ kọrọdọ, ó ń ké. Aránṣọ figbe ta.

"Bàbá, ẹ rẹ ọ̀pá sílẹ̀! Ẹ na ṣóńṣó rẹ̀ síbi tó há sí!"

Baba ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀pá sì nà gbọọrọ. Ẹ̀gbọ́n sáré fẹ́ wé okùn mọ́ ọwọ́ lásán, àbúrò rẹ̀ gbá a lọ́wọ́. "Ṣé ẹ fẹ́ kó gé yín níka ni?" Ó wé okùn mọ́ ègé igi kékeré kan, ó sì fà á sẹ́yìn. Ọ̀rá já, okùn padà wálé.

Ẹ̀gbọ́n ń dárò ìwọ̀. Baba ń fi àtàǹpàkò ọwọ́ tí àìsàn mú yẹn tẹ àwọn òwú pupa wò níkọ̀ọ̀kan, láti ìdí ọ̀pá dé ṣóńṣó. Kò sí èyí tó tú.

"Kì í ṣe ọwọ́ mi nìkan ni ò jẹ́ kí n gbé e kúrò lára ògiri," ó ní. "Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mi ò fẹ́ kí ìyá yín kú mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kejì."

Ẹ̀gbọ́n tọwọ́ bàpò, ó mú ìwọ̀ mìíràn jáde, ó sì yíjú sí àbúrò rẹ̀.

"Ọ̀rá yẹn dà?"